Hàmdálàt Ni Mo Pe Ara Mi Fún Ọmọ Mi

Orúkọ tí mo fi tan ọmọ mi jẹ ni Hàmdálàt. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé.

Ọkùnrin ni mí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ará Èkìtì ni mí, n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé mi.

Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni òbí tó ń yọjú wo inú fóònù ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, kì í ṣe ti ọmọ.

Ìbídùn, ìyàwó mi, kú ní oṣù kejì ọdún tó kọjá. Àìsàn kíndìnrín ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún mi, ọmọbìnrin, Ọlámijùlọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà nígbà yẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ìbídùn kú, ó di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ní, "Dádì Mijùlọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí di ẹni tí kì í bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà kì í sọ̀rọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù nìkan ni Mijùlọ ń bá ṣe. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ilé wa ní Dópẹ̀mú, nílùú Èkó, màá bá a lórí àga, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú. Àwọn fídíò kéékèèké ni. Ọ̀kan ò ní tíì parí tí yóò ti fi ìka tì í lọ sókè, òmíràn á sì dé.

"Kí lò ń wò?"

"Kò sí nǹkan, sà."

"Ta ló ń jó yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo ń kà á lọ́kàn mi. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, fídíò mọ́kànlélógún ló kọjá. Mo bi í pé kí ló wà nínú èyí tó kọ́kọ́ wò. Ó wo ojú mi. Kò rántí.

Ìyáàfin Oyinadé, olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìwà ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ní kó kàwé, kó tó dé ìlà kẹta, ojú rẹ̀ á ti wà lójú fèrèsé.

"Bàbá, WAEC ò jìnnà mọ́," ó ní. "Ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé kan parí, báwo ló ṣe máa jókòó ti ìdánwò wákàtí mẹ́ta? Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ohun tí Ìbídùn náà sọ nìyẹn.

Mo gbìyànjú. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò bú mi, kò sunkún. Ó kàn jókòó, ó ń wo ògiri. Ìkíni nìkan ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ keje mo dá a padà fún un, nítorí ojú mi ò gbà á mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ariwo rẹ̀ ti ba etí mi jẹ́ díẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó mọ ohun tó sọ.

Mùíbì ló ń wa fọ́kílíìfù tó ń kó páálí ìdérí sínú ọkọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ọmọbìnrin méjì. Bí a ṣe ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan, mo sọ ọ̀rọ̀ Mijùlọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin ń bẹ ọmọ kó sọ̀rọ̀? Èmi ti di ọmọge lórí Instagram láti ọdún tó kọjá."

"Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ pọ̀ tó báyìí?"

"Ta ló ń rí irùngbọ̀n níbẹ̀? Àwòrán òdòdó ni mo fi síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbà mí lọ́rẹ̀ẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ ni mò ń rí."

"Wọn ò fura?"

"Kí ni wọ́n á fi fura? N kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kàn ń wò ni."

Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́, tí a ti gba fóònù wa padà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, Mùíbì dúró tì mí lábẹ́ igi, ó ṣí ojú ewé kan bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òun ló mú orúkọ.

"Hàmdálàt. Ó dùn, kò sì ní fura. Ta ló máa rò pé díákónì ló ń jẹ́ Hàmdálàt?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kejì, Mijùlọ gba Hàmdálàt lọ́rẹ̀ẹ́. Mo wọlé lọ wo ojú ewé rẹ̀. Mo rò pé màá rí ijó àti ìranù. Àwòrán sánmà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwòrán bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Sílípáàsì Ìbídùn ni, èyí tó fi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mijùlọ ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí abẹ́ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mò ń ré bàtà náà kọjá. N kò mọ̀ pé ọmọ náà ń wò ó.

Ó yẹ kí n pa fóònù dé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka mi ti ń tẹ ọ̀rọ̀.

"Bàtà ta ni?"

"Ti mọ́mì mi. Wọ́n ti kú."

"Mọ́mì tèmi náà ti kú."

Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni mo dalẹ̀ ọmọ mi.

Ẹ wò ó, ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ohun tó bá Hàmdálàt sọ ní ọ̀sẹ̀ kan ju ohun tó bá mi sọ ní odindi ọdún lọ. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, Gẹ̀ẹ́sì mi ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, nítorí náà mo sọ fún un pé Yorùbá ni mo fẹ́ràn láti máa kọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní mọ́mì òun nìkan ló máa ń fi Yorùbá kọ̀wé sí òun.

Aṣọ ìkélé kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Èmi wà ní yàrá, òun wà ní pálọ̀. A ń kọ̀wé sí ara wa.

N kò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mọ́ mi. Èmi náà rí ibi tú ọkàn mi sí. Mo sọ ohun tí n kò lè fi ẹnu mi sọ: pé mo máa ń gbàgbé pé ó ti kú, pé mo máa ń ra búrẹ́dì tó fẹ́ràn kí n tó rántí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn ní mọ́mì mi ni.

Ó sì sọ bó ṣe ń ṣe òun. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Bí mo bá ṣí ìwé, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ń pè mí níbòmíràn. Màá ní kí n kàn wo fóònù díẹ̀. Ìgbà tí n bá fi gbójú sókè, ilẹ̀ á ti ṣú. Mi ò ní rántí nǹkan kan tí mo wò. Mo kàn mọ̀ pé mi ò ronú."

"Ronú kí ni?" mo kọ.

Ó fi àwòrán sánmà kan ránṣẹ́.

Mo gbà á níyànjú. Mo ní kó ti fóònù náà mọ́ inú àpótí aṣọ, kó ka ojú ìwé kan péré, kó wá mú un jáde, kó sọ ohun tó kà fún mi. Ó ṣe é. Ojú ìwé kan di méjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ka orí kan tán nínú ìwé Bàọ́lọ́jì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Hàmdálàt bí olùkọ́. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kà á, omi bọ́ lójú mi.

Ìyáàfin Oyinadé pè mí. "Bàbá, ẹ ṣeun o. Ohun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ má dáwọ́ dúró."

N kò dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà, Mijùlọ béèrè ìbéèrè kan. Ó ní, "Àdúà wo lo máa ń ṣe fún mọ́mì rẹ? Kọ ọ́ fún mi, kí n mọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Mo lọ bá Mùíbì níbi oúnjẹ. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti ń fèsì fún un?"

"Díẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀yẹ, wíwò ni mo ní kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ tún wá fẹ́ sọ mí di ààfáà òkú tí kò sí."

"Sọ ọ́ fún mi, jọ̀wọ́. Ó ń dúró dè mí."

"Mi ò sọ. A kì í fi àdúà ṣe irú eléyìí. Ẹ pa á rẹ́ lónìí. Bí ọmọ yẹn bá mọ̀, kí lẹ máa sọ fún un?"

"Kò ní mọ̀."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn.

N kò pa á rẹ́. Mo sọ fún Mijùlọ pé ó ń dùn mí láti sọ ọ̀rọ̀ àdúà. Ó ní kí n má bínú. Ọmọ mi ń bẹ̀ mí lórí irọ́ tèmi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo wà ní yàrá, òun wà ní pálọ̀. Ó kọ̀wé pé, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo lè kọ ọ́ pé, "Sọ fún dádì rẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Mo ronú kàn án. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́.

Mo kọ ọ́ pé, "Sọ."

Ohun tó kọ nìyí:

"Mo parọ́ fún dádì mi. Mo ní ojú oorun ni mọ́mì mi kú sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní, 'Mijùlọ, omi.' Mò ń wo fídíò kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Ẹ dúró, mọ́mì.' Wọ́n tún pè mí. Mo ní, 'Ó ku díẹ̀.' Nígbà tí mo fi máa bu omi náà, wọn ò lè mu ún mọ́. Látìgbà yẹn, bí ibi gbogbo bá ti dákẹ́ báyìí, mo máa ń gbọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kàwé."

Mo gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé Ìbídùn sùn lọ ni. Mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi dúpẹ́. Bí mi ò bá lè sùn, òun ni mo fi ń tu ara mi nínú, pé ara rẹ̀ balẹ̀, pé kò pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo bí ló fún mi ní ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ sì ni.

Mo wo aṣọ ìkélé náà. Mo rí òjìji ọmọ náà lára rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo kórìíra ọmọ mi.

Fóònù náà tún gbọ̀n.

"Hàmdálàt?"

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Jọ̀wọ́, sọ nǹkan kan. Ṣé inú bí ẹ ni?"

N kò fèsì. Nígbà tó yá ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Dádì, ẹ fẹ́ jẹun?" Mo ní ebi ò pa mí. N kò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni Hàmdálàt fi dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ọmọ náà ò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìwé Bàọ́lọ́jì wà lórí tábìlì, kò ṣí i mọ́. Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á, ó ń ṣí i.

Ní Tọ́sìdeè, iṣẹ́ ọ̀sán ni mo ní. Mo wà nílé lówùúrọ̀, èmi nìkan. Ilé náà dákẹ́ jù. Ìbínú mi ti rọlẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo kọ ọ́ pé, "Mo wà níbí. Má sunkún mọ́."

N kò rò ó pé iléèwé ló wà. N kò rántí pé ìdánwò Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ yẹn. Wọn kì í mú fóònù wọ iléèwé wọn, kò sì mú un lọ rí.

Kò tíì pé wákàtí kan tí Ìyáàfin Oyinadé fi pè mí. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ báyìí."

Nígbà tí mo débẹ̀, Mijùlọ wà lórí ìdúró nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ìwé náà.

"Inú ìbọ̀sẹ̀ ló fi fóònù sí," olùkọ́ náà sọ. "Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ó yọ ọ́, ó ń fèsì. Ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Hàmdálàt ló ń kọ̀wé sí i. Ó ní láti Sátidé lòun ti ń retí ẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbìyànjú bọ̀ yìí. Bàbá, ẹ bá wa wá ìyá Hàmdálàt yẹn, kí wọ́n kìlọ̀ fún un."

"Mọ́mì ẹ̀ ti kú, mà," Mijùlọ sọ.

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, mà. Kì í sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀."

Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ba ìdánwò náà jẹ́. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀ mo sọ ìtìjú di ìbínú, mo kọjú sí ọmọ mi.

"Fóònù ló máa ba tìẹ jẹ́," mo ní. "Fóònù yìí náà lo gbé dání tí ìyá rẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ omi."

Olùkọ́ náà wò mí. Ó wo Mijùlọ. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e.

Ó yé Mijùlọ. Mo rí i bó ṣe ń yé e, díẹ̀díẹ̀.

"Dádì, ta ló sọ ọ̀rọ̀ omi fún yín?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi."

"Kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, sà."

"Wọ́n sọ fún mi."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún."

Ó na ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì. Ìyáàfin Oyinadé ò dá a dúró. Ó tẹ nǹkan kan, ó gbé e sétí, ó ń wò mí. Ètè rẹ̀ ni mò ń wò, mo ń retí ohun tó máa sọ. Ètè náà ò mì.

Olùkọ́ ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, fóònù yín ń dún."

Mo fọwọ́ kan àpò àyà mi. Fóònù náà ń gbọ̀n níbẹ̀. Mo ti rò pé ọkàn mi ló ń lù.

Mo yọ ọ́ jáde. Orúkọ Mijùlọ wà lójú rẹ̀: Hàmdálàt ló ń pè lórí Instagram. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo kàn mú un dání, ó ń dún, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

"Mo máa ń gbọ́ ọ," Mijùlọ sọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, mo ní láti kà á lẹ́nu rẹ̀. "Bí Hàmdálàt bá ti ń kọ̀wé, mo máa ń gbọ́ ta-ta-ta láti yàrá yín. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ nítorí etí yín. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe yín. Mo ní dádì mi ò lè ṣe irú ẹ̀ sí mi."

"Mijùlọ, mo kàn fẹ́ kí o máa bá mi sọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀, sà."

Ìyáàfin Oyinadé dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa àga sẹ́yìn fún ọmọ náà. Kò fún èmi ní àga.

Mijùlọ ò padà sí Dópẹ̀mú lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló lọ, Ẹ̀gbọ́n Ọládùnní, ní Àgídìngbì, kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Sátidé ni wọ́n wá kó aṣọ rẹ̀. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ bò fún mi. Wọ́n jókòó sórí àga tí ọmọ náà máa ń jókòó sí.

"Ṣẹ̀yẹ, ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù láyé ẹ̀ fún ẹ, o sì dákẹ́ fún un fún ọjọ́ márùn-ún."

"Inú ló bí mi, Ẹ̀gbọ́n. Ó parọ́ fún mi nípa ikú ìyàwó mi."

"Inú bí ẹ. Ìwọ náà, níbo lo wà lọ́jọ́ tí Ìbídùn kú?"

"Ibi iṣẹ́."

"Ṣé ọjọ́ iṣẹ́ rẹ ni?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bi mí. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí n bá wọn ṣe tiwọn. N kò lè fara da òórùn yàrá ìwòsàn yẹn. Nídìí ẹ̀rọ, ariwo á bo orí mi, n kò ní ronú. Mo fi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ.

"Ọmọdé sá wọ inú fóònù," Ẹ̀gbọ́n Ọládùnní sọ. "Ìwọ tí o jẹ́ àgbà sá wọ inú ẹ̀rọ. Òun nìkan ló wá jẹ̀bi."

Wọ́n ká aṣọ kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

"Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ lo ò tíì rí. Ta ni dókítà bá sọ̀rọ̀ pé kí a máa díwọ̀n omi fún Ìbídùn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì fúnra wọn ò fẹ́ fún un lómi. Ìwọ nìkan lo lè sọ fún ọmọ yìí pé omi kọ́ ló pa ìyá ẹ̀, pé bó bá tilẹ̀ sáré bu ún, kò ní yí nǹkan kan padà. O kà á lójú fóònù, o mọ ìdáhùn ẹ̀, o gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ìbínú ò jẹ́ kó wá sí mi lọ́kàn rárá. Bí mo bá ti jẹ́ bàbá fún ìṣẹ́jú kan ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ǹ bá ti dìde, ǹ bá ti ṣí aṣọ ìkélé, ǹ bá ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ má bojú tó ọmọ yín. Fóònù náà léwu, mo rí i bó ṣe tú ọkàn ọmọ mi ká títí kò fi lè ka ìlà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mo bá a wọ ibẹ̀, mo lo orúkọ ẹlòmíràn, èmi ni mo wá di ohun tí kò jẹ́ kó lè gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín, ẹ jókòó tì í, ẹ fi orúkọ tí ó mọ̀ yín mọ̀ bi í. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún padà wá lọ́la. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Èmi ò lè ṣe é nígbà tó yẹ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí i báyìí, lẹ́yìn ìsìn. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí dókítà sọ àti ibi tí mo wà. Ó kúnlẹ̀ gbọ́ ọ títí mo fi parí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó wọlé lọ. Mo gbọ́ lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Ọládùnní pé ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì sùn mọ́jú.

Iléèwé jẹ́ kó tún ìdánwò náà ṣe. Ó gba mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yege, ṣùgbọ́n ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó jókòó títí aago fi lù. Ìyáàfin Oyinadé ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbójú sókè.

Mijùlọ ti pa Hàmdálàt rẹ́ lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti pa á rẹ́. Mùíbì ti pa tirẹ̀ rẹ́, kò sì sọ fún mi ohun tó fà á.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹ̀kẹsàn-án. Wọ́n se ìrẹsì. Mijùlọ gbé tèmi wá, ó jókòó síwájú mi, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọládùnní fi wá sílẹ̀. Mo jẹun dé ìdajì kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Mijùlọ, ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Ó gbójú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Púpọ̀?"

"Púpọ̀, sà. Nígbà mìíràn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ó pọ̀."

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sọ irú rẹ̀ sí mi lójú rí. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ gbọ́ sí i.

"Mo gbọ́," mo ní.

Ó wo àwo tó wà níwájú mi. Ó béèrè bóyá kí òun bù sí i.

Mo ní kó bù sí i.